Orí Dídán Láìní Egbò: Ìfárí àti Ìsùn Irun ní Gúúsù Èkìtì

Láàárín àwọn ọkùnrin Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, orí fífá ti kúrò ní ohun tí a ń ṣe fún ọmọ tuntun, opó tàbí ẹni tí ó ń wọ inú awo nìkan. Ó ti di àṣà fún ẹni tí irun ń pá lórí rẹ̀, fún ẹni tí ooru ń yọ lẹ́nu, àti fún ọ̀dọ́ tí ó kàn fẹ́ kí orí òun máa dán, èyí tí wọ́n ń pè ní gorímápá. Iṣẹ́ náà kò jọ iṣẹ́ tí ó le, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ kò ju abẹ, omi àti ọṣẹ lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń fá orí fúnra rẹ̀ ni ó máa ń rí i pé bí iwájú orí òun tilẹ̀ dán, ibi kan wà ní ẹ̀yìn àtàrí tàbí ní ìpàkọ́ tí ó ṣì ń gún ọwọ́, àti pé bí òun bá ń gbé abẹ padà síbẹ̀ léraléra, ẹ̀jẹ̀ ni yóò yọ kí irun náà tó tán. Abẹ kọ́ ni ó jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Irun orí ni kì í sùn sí ìhà kan náà, ẹni tí ó bá sì fá a bí ẹni pé ìhà kan ni gbogbo rẹ̀ dojú kọ yóò máa bá apá kan rẹ̀ jà.

Ìsùn irun, bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni ìhà tí ṣóńṣó irun dojú kọ nígbà tí ó bá yọ jáde láti inú awọ orí. Irun kọ̀ọ̀kan ń hù láti inú ihò tóóró kan tí ó rì sínú awọ, ihò náà kì í sì í sábà dúró ṣánṣán. Ṣe ni ó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí ó bá sì dà sí ni irun tí ó ti inú rẹ̀ jáde yóò dojú kọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú, ihò yìí tún tẹ̀ kọrọdọ nínú awọ, èyí ni ó mú kí irun tí ó jáde láti inú rẹ̀ máa ká, tí ó sì mú kí ṣóńṣó rẹ̀, lẹ́yìn tí abẹ bá ti gé e, lè tẹ̀ padà wọ inú awọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti wọn ìdàgbà irun fi hàn pé irun àwọn ọmọ Áfíríkà ń gùn ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà lójúmọ́, tí ti àwọn aláwọ̀ funfun sì ń súnmọ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá; nítorí náà, orí tí a fá ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò ti ní kùkùté irun tí ọwọ́ lè mọ̀ nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kò sí ibi tí ìsùn irun ti ń da ènìyàn láàmú tó ẹ̀yìn àtàrí, níbi tí irun ti yí po mọ́ ojú kan, tí ó sì ti ibẹ̀ tú ká sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ orí. Ìyípo yìí ti wà lórí ọmọ kí a tó bí i rárá, nítorí pé láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin nínú oyún, nígbà tí ọpọlọ ń tóbi tí awọ orí sì ń fẹ̀ láti bò ó, ni àwọn ihò irun ń mú ìhà tí wọn yóò dojú kọ títí ayé. Ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, ó sì máa ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Àwọn díẹ̀ wà tí tiwọn yí sí òdì, àwọn mìíràn sì ní méjì, èyí tí ó lè mú kí ìsùn irun orí wọn takora ní àárín àtàrí. Bí irun dúdú tí ó ká bá gùn, ojú kò lè tètè rí ìyípo náà, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi dàgbà láìmọ ibi tí tiwọn wà, títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fá orí wọn kanlẹ̀.

Láti ojú ìyípo yìí, irun tí ó wà ní iwájú máa ń sùn síwájú lọ sí iwájú orí, ti ẹ̀gbẹ́ máa ń sùn sísàlẹ̀ lọ sí ẹ̀bá etí, ti ẹ̀yìn sì máa ń sùn sísàlẹ̀ lọ sí ìpàkọ́, níbi tí ó ti lè pàdé irun ọrùn tí ó ń sùn sókè tàbí tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ̀ wá sí àárín. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò lóye ìdí tí iwájú fi ń dán tí ẹ̀yìn sì ń gún ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fa abẹ láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́ ní ìlà kan gbọọrọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ṣe rọrùn. Wọ́n rò pé ọ̀nà kan ni àwọn ń tọ̀, ṣùgbọ́n ní òkè iwájú, abẹ wọn ń lọ lódì sí ìsùn irun, ó sì ń gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, nígbà tí abẹ kan náà, láti ojú ìyípo sísàlẹ̀, ń bá ìsùn irun lọ, tí ó sì ń fi kùkùté sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá dé ọrùn, níbi tí irun ti yí ìhà padà, abẹ náà tún bọ́ sí òdì láìjẹ́ pé wọ́n fura, ó sì jẹ́ ibi tí awọ kò fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rárá.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀ràn yìí jẹ́ tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé orí fífá ti ní ipò tirẹ̀ nínú ètò ìlú, ààfin àti ẹ̀sìn tipẹ́tipẹ́. Sámúẹ́lì Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, tí a máa ń fá apá kan orí wọn tí a sì ń fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn lè mọ ọba tí ó rán wọn. Ní Ifẹ̀ náà, irú orí bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ àwọn ẹmẹ̀sẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ààfin. Ní Ìsẹ̀ gan-an, ìránṣẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére kọ́kọ́ jẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà, kí òkìkí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó kàn. Ọkùnrin yìí, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, tí ó sì kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà sì wà di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago. Ẹni tí ó bá wo àwọn ère wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé agbẹ́gilére náà kò fi orí ṣeré, nítorí pé ó fi ìlà wẹ́wẹ́ fín irun, ó sì mú kí ẹ̀bá irun hàn ketekete sí awọ orí. Yorùbá tí ó gbà pé orí ẹni ni ẹlẹ́dàá ẹni kò lè ṣe kí ó má fi ojú pàtàkì wo ẹni tí ó ń gbé abẹ lé e.

Ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ayé àtijọ́ ni onígbàjámọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Hausa tí ń kiri láti ọjà dé ọjà pẹ̀lú àpò awọ kékeré, tí wọ́n sì tún ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara ń ro. Abẹ wọn jẹ́ irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, wọ́n ń pọ́n ọn lórí òkúta, wọ́n sì ń fà á lórí awọ kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Irú abẹ bẹ́ẹ̀ kì í gé irun wọ inú awọ bí ti òde òní, orí tí ó sì fá máa ń ní kùkùté díẹ̀ tí ọwọ́ lè mọ̀. Àléébù ni èyí lójú ẹni tí ó fẹ́ dídán, ṣùgbọ́n bí a ó ṣe rí i níwájú, àǹfààní ni fún awọ. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé abẹ kan náà ni ó ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíràn.

Àwọn tí a ń fá orí wọn nítorí àṣà tàbí ẹ̀sìn ṣì wà. Àwọn Mùsùlùmí ń fá orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ keje, nígbà tí wọ́n bá ń pa ẹran àkíkà. Irun ọmọ rọ̀, ọ̀nà tí ó sùn sí kò sì ṣòroó mọ̀, ṣùgbọ́n àwùjẹ̀, ìyẹn ibi rírọ̀ ní àárín orí tí eegun kò tíì pàdé, kì í sábà dì tán kí ọmọ tó pé ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, nítorí náà ọwọ́ tí ó fúyẹ́ jù lọ ni ó yẹ kí ó kan ibẹ̀. Ti opó yàtọ̀. Kí obìnrin fúnra rẹ̀ gé irun rẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kí a fi tipátipá fá a jẹ́ ohun tí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí a ṣe ní 2015, kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ó ka àṣà opó tí ń pani lára léèwọ̀; Èkìtì sì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin àti ọkùnrin láti 2011, tí a sì tún un ṣe ní 2019.

Ohun tí ó yí iṣẹ́ ìfárí padà ni abẹ fẹ́lẹ́. King Camp Gillette ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀rí fún abẹ tí a lè jù nù lẹ́yìn ìlò ní 1904, irú abẹ bẹ́ẹ̀ sì tàn kárí ayé títí ó fi dé orí igbá àwọn aláte ní Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré. Lẹ́yìn èyí ni Leo Wahl, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ṣe ẹ̀rọ ìgẹrun tí iná mànàmáná ń yí ní 1919, irú èyí tí àwọn bábà ń pè ní kílípà. Ní àdúgbò Yunifásítì BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́ lónìí, kílípà ni ó gba ipò iwájú ní ṣọ́ọ̀bù àwọn bábà, wọ́n sì ti kọ́ láti ní èyí tí ń gba iná pamọ́, nítorí pé iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kílípà tí a yọ kóòmù rẹ̀ kúrò ń fi kùkùté kékeré sílẹ̀, èyí tí ó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Abẹ olójú púpọ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún, ìyẹn irú èyí tí ojú méjì sí márùn-ún tẹ̀lé ara wọn lórí igi kan: ojú àkọ́kọ́ ń fa irun jáde díẹ̀ bí ó ti ń gé e, èyí tí ó tẹ̀lé e sì ń tún un gé kí ó tó sún padà, nígbà tí irun náà bá wá sún padà, ṣóńṣó rẹ̀ ti wà lábẹ́ awọ. Fún irun tí ó nà, èyí kì í ṣe nǹkan. Fún irun tí ó ká, ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fá orí dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìsùn irun tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni èyí ju iṣẹ́ ojú lọ. Kí ó jẹ́ kí irun hù fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ra orí ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti iwájú lọ sẹ́yìn, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, láti òsì sí ọ̀tún àti láti ọ̀tún sí òsì, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ìhà tí ọwọ́ bá ti ń yọ̀ ni irun sùn sí, ìhà tí ó bá sì ti ń gún ọwọ́ ni òdì rẹ̀. Ní ẹ̀yìn àtàrí, kí ó fi ìka kan wá ojú tí gbogbo ìhà ti ń pàdé, kí ó sì wádìí bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì. Ní ọrùn, kí ó wádìí apá òsì lọ́tọ̀ àti apá ọ̀tún lọ́tọ̀, nítorí pé wọn kì í sábà bára mu. Ìwádìí yìí kò gba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé, nítorí pé bí irun tilẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i, ìhà tí èyí tí ó ṣẹ́kù sùn sí kì í yí padà.

Lẹ́yìn èyí, bí irun bá gùn, kílípà ni kí ó kọ́kọ́ gé e mọ́lẹ̀, nítorí pé abẹ tí ó bá ń gé irun gígùn yóò máa fà á tu. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó kàn. Irun gbígbẹ le, ṣùgbọ́n ó ń fa omi mu, bí ó bá sì ti mu ún fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, yóò rọ̀, ipá tí abẹ nílò láti gé e yóò sì dín kù gan-an, ìdí nìyí tí ó fi dára kí a fá orí lẹ́yìn ìwẹ̀ dípò kí a fá a ṣáájú rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ń hó dáadáa, abẹ sì ń yọ̀ lórí rẹ̀, àmọ́ ó máa ń gba ọ̀rá ara kúrò, nítorí náà ní àsìkò ọyẹ́, ẹni tí awọ orí rẹ̀ máa ń gbẹ yóò ṣe dáadáa bí ó bá lo ìpara ìfárùngbọ̀n dípò rẹ̀.

Abẹ tuntun olójú kan ni kí ó mú, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìyípo: láti ibẹ̀ wá sí iwájú orí, láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀bá etí kọ̀ọ̀kan, láti ibẹ̀ sísàlẹ̀ lọ sí ìpàkọ́, kí abẹ sì máa bá ìsùn irun lọ ní gbogbo ìgbà. Kí fífà kọ̀ọ̀kan má gùn ju àtàǹpàkò lọ, kí ọwọ́ kejì máa fa awọ le, kí a máa ṣan abẹ lẹ́yìn fífà méjì tàbí mẹ́ta, kí a má sì tẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí pé abẹ tí ó bá nílò títẹ̀ ti kú, jíjù nù ni ó kù fún un. Lórí ìyípo fúnra rẹ̀, kò sí bí fífà kan gbọọrọ ṣe lè kẹ́sẹ járí. Ṣe ni ọwọ́ yóò máa yí i ká díẹ̀díẹ̀ láti àárín síta, bí ìgbà tí obìnrin bá ń hun ẹní yípo, kí ìka sì máa ṣáájú abẹ láti mọ ibi tí ìhà ti yí padà. Ẹni tí kò rí ẹ̀yìn orí ara rẹ̀ kò nílò dígí púpọ̀ bí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìka yìí.

Nígbà tí èyí bá parí, kí a tún fi ọṣẹ pa orí, kí a sì fá a lẹ́ẹ̀kejì ní ìbú, ìyẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ìsùn irun, láìbá a lọ, láìsì dojú kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ orí ní ilẹ̀ yìí, ibí ni ó yẹ kí iṣẹ́ parí sí. Ìfá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ó dojú kọ irun, ni ó ń mú kí orí dán bí dígí, òun náà sì ni ó ń gé irun sí abẹ́ awọ. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbà á lè ṣe é ní òkè orí, àmọ́ kí ó má ṣe é ní ọrùn àti ìpàkọ́ láéláé. Omi tútù ni kí a fi ṣan orí, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìnù ún, kí a sì fi òrí tàbí àdín àgbọn díẹ̀ pa á. Sípírítì tí àwọn bábà máa ń dà sí orí lẹ́yìn ìfárí ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ awọ tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, títa tí ó sì ń ta kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo ohunkóhun sàn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọrùn tí a kò bá ṣọ́ ni kókó wẹ́wẹ́ tí ń yọ ní ìpàkọ́, tí ń yún, tí ó lè ní ọyún, tí ó sì lè so pọ̀ di àpá líle tí irun kò tún hù níbẹ̀ mọ́. Àìsàn yìí ti wà nínú ìwé àwọn oníṣègùn láti 1869, nígbà tí Moritz Kaposi ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Vienna, àwọn ọkùnrin dúdú tí ń gé irun mọ́lẹ̀ ni ó sì ń bá jà jù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nonhlanhla Khumalo ti Yunifásítì Cape Town àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Gúúsù Áfíríkà pé gígé irun kanlẹ̀ máa ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde lórí ọ̀pọ̀ ọkùnrin láìjẹ́ pé wọ́n kà á sí, wọ́n sì béèrè bóyá ọ̀nà kan nìyẹn tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ lè gbà ràn. Kọ́là ẹ̀wù tí ó ga, fìlà tí ó fún àti akoto àwọn ọlọ́kadà tí ń ha ìpàkọ́ ń dá kún un. Ẹni tí kókó náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún fi abẹ tàbí kílípà tí a yọ kóòmù rẹ̀ kúrò kan ibẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi èékánná tu ú. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó di àpá, nítorí pé oògùn ń ṣiṣẹ́ lórí kókó kékeré ju lórí èyí tí ó ti le lọ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní kòkòrò àìsàn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hẹpatáítíìsì B, kòkòrò náà sì lè wà láàyè lórí irin gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí pàápàá tó láti gbé e. Àpótí oníná búlúù tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù bábà ń tu oníbàárà lójú ju bí ó ṣe ń pa kòkòrò lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè wọ abẹ́ irun àti ẹ̀jẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ eyín kílípà; ohun tí ó dájú jù ni kí a kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eyín náà mọ́, kí a sì wá fi sípírítì nù ún dáadáa, tàbí kí a rẹ ohun tí omi kò lè bà jẹ́ sínú òògùn ìfọṣọ bíi Jik tí a fi ìlọ́po mẹ́sàn-án omi là. Abẹ fẹ́lẹ́ kò ní ìfọ̀mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lórí ẹnì kan, ó ti tán.

Kí ẹni tí ó bá ń fá orí déédéé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré ra kílípà tirẹ̀ bí apá rẹ̀ bá ká a, kí ó sì máa gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bábà rẹ̀. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó mú abẹ tuntun dání, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí wọ́n bá ń tú u, kí ó sì sọ fún bábà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ó má dojú abẹ kọ irun ọrùn òun. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B wà fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń gbà á kí ó tó pé.